Òpó Mẹ́jọ Tó Ṣẹ́kù

Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti gbé òkú Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlẹ́yẹ lọ, ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ àwọn pákó tó wó. Bàtà aláwọ dúdú ni, okùn rẹ̀ ṣì wà ní síso. Ìnsípẹ́kítọ̀ Fẹ́kọ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó títí, kò fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin yìí jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó so okùn yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí Fẹ́kọ́mi ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, síbẹ̀ irú nǹkan kékeré báyìí ló ṣì máa ń kó jìnnìjìnnì bá a.

Àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé àti ìfètò-ìlú ni ibẹ̀, nínú yunifásítì kan lójú ọ̀nà Ìgàndò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin ló ní kí wọ́n kan pèpéle pákó gíga kan síbẹ̀ fún ìpàtẹ iṣẹ́ ọdọọdún, kí àwọn àlejò lè gun orí rẹ̀, kí wọ́n sì máa wo mọ́dẹ́lì ńlá tí wọ́n fi páálí ṣe nísàlẹ̀: Ìkòtún títí dé Ìgàndò, títì àti ṣọ́ọ̀bù, òrùlé àti gọ́tà. Àṣà kan wà tí gbogbo wọn mọ̀ mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohunkóhun tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá kàn, òun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Yóò rìn dé àárín gbùngbùn, yóò fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọ yóò sì máa kà á tẹ̀rín-tẹ̀rín: ení, èjì, ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èjì ni wọ́n kà dé.

"Màdáámú, kéèsì yìí ti parí ṣá," ni Sájẹ́ǹtì Godswill wí látẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọbìnrin yẹn ló ya àwòrán, àmì ẹ̀ ló wà lára ìwé. DPO ní kó sáìn sítétímẹ́ǹtì ẹ̀ kí aago méjì tó lù. Wetin remain?"

"Aago mélòó ló lù báyìí?"

"Mọ́kànlá kù díẹ̀."

"Wákàtí mẹ́ta ló ṣẹ́kù nìyẹn," ni Fẹ́kọ́mi wí, ó sì dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún.

Bàrákàt ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, òun sì ni olórí àwọn tó ya àwòrán pèpéle yẹn. Bó bá fi lè fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, kóòtù ni yóò bá ara rẹ̀ lọ́la, ẹ̀sùn pé ó ṣekú pa èèyàn ni yóò sì dáhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, nígbà tó ku ọdún kan péré kó jáde.

"Kò tiẹ̀ sunkún," ni Godswill tún fi kún un. "Láti ọjọ́ Ẹtì, omi ò bọ́ lójú ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́ á sunkún jàre."

Fẹ́kọ́mi ti ń ka òpó. Mẹ́wàá ni, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, àwọn kan ṣì dúró, àwọn kan ti dà wó. Kò sí ìdí kan nínú wọn tó jẹrà, igi gidi ni, ìṣó wọn sì wọlé dáadáa. Àwọn igi ìdábùú tó wà láàárín òpó sí òpó ló kán, gbogbo wọn kán láàárín. Ó bá lọ yí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ káfíńtà tó wà létí àgbàlá ká, ibẹ̀ ló ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà fún un. Igi mẹ́jọ ni, wọ́n ti gé wọn ní gígùn kan náà bíi ti àwọn òpó yẹn, wọ́n fi okùn dì wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi wọ́n ti ògiri.

Godswill pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n! Káfíńtà ló jà wọ́n lólè! Ó fẹ́ lọ tà á!"

"Olè wo ló máa jí igi, táá wá gbé e sójú gbangba fún ọjọ́ mẹ́rin? Rò ó wò, Godswill. Mẹ́wàá tó wà nílẹ̀, mẹ́jọ tó wà níbí."

"Méjìdínlógún."

"Ẹni tó bá fẹ́ lo òpó mẹ́wàá, kí ló fẹ́ fi méjìdínlógún ṣe?"

Godswill tún igi mẹ́jọ náà kà.

Nínú mọ́tò wọn, Fẹ́kọ́mi mú ìwé àwòrán náà jáde nínú nylon rẹ̀. Lára pátákó ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti máa ń fi àwòrán há, káfíńtà yóò wá máa wò ó ṣiṣẹ́. Àwòrán tó mọ́ tónítóní ni. Gígùn pèpéle, 9600. Ìbú àtẹ̀gùn, 900. Ààyè láàárín òpó kan sí èkejì, 1200, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi bíró fa ìlà gba orí 1200 yẹn, ó sì kọ 2.4 sókè rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà B kan wà tí wọ́n fi òbìrí kékeré yí ká, àmì tí Bàrákàt máa ń fi sí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Fẹ́kọ́mi tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún márùn-ún ní Adó-Èkìtì. Nígbà náà, bó bá ti rí òǹkà kan tí kò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ọmọ, ó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá ló bá ọmọ náà ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun tó ń wò lọ́wọ́ yìí mú ìmọ̀lára yẹn padà wá sí i lára.

*

Yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n fi Bàrákàt sí. Dókítà Naomi Ọláyẹmí, igbákejì olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Obìnrin pẹ̀lẹ́ kan ni, láti ẹ̀ka ìfètò-ìlú. Ó ti ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tí ì ṣí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìnsípẹ́kítọ̀, ẹ má le mọ́ ọn," ni Dókítà wí. "Àṣìṣe ni. Mo ti bá a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé yẹn. Tó bá ti gbà pé àṣìṣe ni, gbogbo wa á bá a bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí n rí òun nìkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ti, Fẹ́kọ́mi jókòó. "Bàrákàt, ṣé ìwọ lo kọ 2.4?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀ kẹ̀?"

"Mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìpàtẹ yẹn tó dé. Mo ń gé páálí, mo ń lẹ̀ ẹ́. Dókítà ní ó ti rẹ̀ mí jù, pé ó lè jẹ́ pé mo yí i padà, kí n sì gbàgbé." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà míì mo máa ń rí ara mi tí mò ń kọ ọ́. Ó ní láti jẹ́ èmi ni, mà. Ta ló tún kù?"

Àánú ọmọ náà ṣe Fẹ́kọ́mi débi pé ó bínú, kò sì tí ì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí. Àṣé èèyàn lè jókòó ti ọmọ títí tí ọmọ á fi rántí ohun tí kò ṣe!

Ó fa rúlà gígùn kan tó wà lẹ́bàá ògiri yọ. "Bá mi wọn tábìlì yìí. Mo fẹ́ ya yàrá náà sínú ìròyìn mi. Kọ gígùn rẹ̀ síbí."

Bàrákàt wọ̀n ọ́n láì béèrè ìdí. Ó kọ 1830.

*

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Dáníẹ́lì. Òun náà ti du ipò olórí iṣẹ́ yẹn, Bàrákàt ló sì gbà á. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n rí i níwájú pátákó ilé iṣẹ́ pẹ̀lú bíró lọ́wọ́. Godswill gbà pé ọwọ́ ti tẹ ẹni tí wọ́n ń wá, ó sì mú un wá sí yàrá kan nísàlẹ̀ tó ní irú tábìlì kan náà.

"Òótọ́ ni, mà, mo wà níbẹ̀," ni Dáníẹ́lì wí. "Orúkọ àwọn tó máa gbálẹ̀ ni mo lọ kọ. Mo bá Bàrákàt jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n? Ọ̀jọ̀gbọ́n ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi... ẹ jọ̀ọ́ mà, bíi bàbá mi ni."

"Má sunkún. Wọn tábìlì yìí fún mi."

Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ 1830.

"1830 kí ni?" ni Fẹ́kọ́mi bi í.

Dáníẹ́lì wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà ń rú u lójú. "Mìlímítà, mà. Àwa kì í tiẹ̀ kọ ọ́ sí i mọ́. Tí o bá kọ mítà tàbí tí o fi pọ́ńtì sí òǹkà lára àwòrán ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ya ìwé yẹn lójú ẹ ni. Láti ọdún kìíní ló ti wọ̀ wá lára."

"Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yìí?"

"Rárá o. Àwa ayàwòrán-ilé ni. Àwọn ìfètò-ìlú, àdúgbò àti títì ni wọ́n ń wọ̀n. Mítà ni tiwọn, pẹ̀lú pọ́ńtì."

Godswill dẹ́kun kíkọ. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Fẹ́kọ́mi ti na ọwọ́ sí nylon tí àwòrán wà nínú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì wà lórí 2.4: mítà ni, ìlọ́po méjì 1200 mìlímítà.

"Dáníẹ́lì, máa lọ," ló wí. "Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnì kan."

*

Zacchaeus, káfíńtà náà, dé láago méjìlá àbọ̀ nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ ló ti wà nílé ìjọsìn wọn ní Baruwa, kò padà sílé. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń kan igi láti ìgbà èwe yín," ni Fẹ́kọ́mi wí, "ṣé ẹ ò rí i pé ààyè yẹn ti fẹ̀ jù ni?"

"Mo rí i, màmá." Omijé bọ́ lójú bàbá náà. "Nígbà tí mo gé igi méjìdínlógún tí wọ́n rà fún mi tán, mo padà síbi pátákó, mo rí i pé wọ́n ti yí i padà. Òpó mẹ́jọ ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Mo ní ṣé kí n béèrè? Mo wá ní, àwọn ló lọ sí yunifásítì, èmi mọ kí ni? Mo kàn án bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi náà ni."

"Ṣé lẹ́tà B yìí wà níbẹ̀ nígbà yẹn?"

Ó sún mọ́ ìwé náà. Ó fọwọ́ nu ojú. "B wo? Mi ò rí B kankan."

"Ó lè jẹ́ pé ẹ ò kíyè sí i."

"Ẹ dúró ná, màmá." Ó wá fóònù rẹ̀ kàn nínú àpò abẹ́ sùtánà. "Tí mo bá parí iṣẹ́, mo máa ń ya fọ́tò ẹ̀ sórí status mi, èmi àti àwòrán tí mo tẹ̀ lé. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbà pé mo mọ ìwé wò. Kò sẹ́ni tó bi mí láti ọjọ́ yìí."

Fọ́tò náà ṣì wà nínú fóònù náà. Zacchaeus ń rẹ́rìn-ín, pèpéle tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé àwòrán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Fẹ́kọ́mi fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. 2.4 wà níbẹ̀ kedere. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Aago mẹ́sàn-án ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kú. Ẹni tó kọ B yẹn kọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kan pèpéle tán.

"Godswill, ta ló fa ìwé yìí lé wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì?"

Godswill ṣí ìwé rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó sì gbójú sókè. "Màdáámú," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Dókítà Ọláyẹmí ni. Obìnrin tó ń fún ọmọ yẹn lóúnjẹ."

*

Nínú yàrá ìsàlẹ̀, Dókítà wọn tábìlì náà pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó kọ gígùn rẹ̀, ó sì da bíró padà. "Ṣé ó ti sáìn?" ló béèrè. "Ó ku ogún ìṣẹ́jú sí aago méjì."

Fẹ́kọ́mi to ìwé péńpé mẹ́ta sórí tábìlì. Bàrákàt, 1830. Dáníẹ́lì, 1830. Ti Dókítà ló gbé sí ìkẹyìn. 1.83 ló wà lára rẹ̀. Ó wá fi ìwé àwòrán sí ìsàlẹ̀ wọn, kí 2.4 lè wà nítòsí 1.83.

Dókítà wo gbogbo rẹ̀. "Àwa mẹ́rìnlá la wà ní ẹ̀ka wa, Ìnsípẹ́kítọ̀. Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́ báyìí."

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yin mélòó lẹ yọ ìwé yìí lára pátákó lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣubú?"

"Mo yọ ọ́ kó má baà sọnù ni..."

"Nígbà tẹ́ ẹ yọ ọ́, ṣé B yìí ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

Fẹ́kọ́mi gbé fóònù Zacchaeus síwájú rẹ̀. "Aago méje àárọ̀. Káfíńtà dá ìwé padà sára pátákó, ó sì lọ ilé. Àwọn ọmọ tó wà láàgbàlá láti ìgbà náà ń tún mọ́dẹ́lì ṣe lójú pátákó yẹn, mo ti bi wọ́n. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí ẹ fi wá mú un. Ẹ sọ fún mi, Dókítà, ta ló kọ B?"

Afẹ́fẹ́ fáànù ń gbé ìwé péńpé náà sókè díẹ̀díẹ̀. Dókítà fi ọwọ́ tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi pamọ́. Ó wá yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Èmi ni. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí iṣẹ́ àwọn ọmọ mi wà ni wọ́n gbé pèpéle yẹn sí," ló wí. "Ọdọọdún ni. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi tiwa sẹ́yìn, àlejò ò ní débẹ̀. Lọ́dún yìí, a pe àwọn àgbà Òkè-Odò tí àwọn ọmọ mi ṣiṣẹ́ lórí àdúgbò wọn. Àwọn míì ń fi igi rìn. Báwo ni wọ́n ṣe máa gba àárín òpó tó há bẹ́ẹ̀ yẹn kọjá? Mo bẹ Akínlẹ́yẹ. Ó ní òpó kan ò ní kúrò. Mo rò pé agídí tí wọ́n máa ń bá wa ṣe náà ni. Mo bá yí i padà. Ọ̀nà fún àwọn èèyàn ni mo ń rò, Ìnsípẹ́kítọ̀. Mi ò rò nípa igi."

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó gùn ún."

"Mo wà níbẹ̀." Ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó tún tú u sílẹ̀. "Nígbà tó fò lẹ́ẹ̀kíní, mo gbọ́ bí igi yẹn ṣe dún. Àwọn ọmọ ń pariwo 'ení', wọn ò gbọ́. Èmi gbọ́. Mo fẹ́ ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní tí mo bá pariwo, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́... wọ́n ti ka èjì."

Godswill yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Fẹ́kọ́mi ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn apànìyàn rí, síbẹ̀ kò sí èyí tó dà á láàmú tó ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tí obìnrin yìí fi dákẹ́.

"Ìyẹn, ẹ lè ní ẹ̀rù ló bà yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi jókòó ti ọmọ yẹn. Ẹ ra ẹ̀wà fún un. Ẹ ń ra á lẹ́yìn, ẹ sì ń kọ́ ọ bó ṣe pa olùkọ́ rẹ̀. Dókítà, irú èèyàn wo lẹ jẹ́?"

Dókítà Ọláyẹmí wọ gíláàsì rẹ̀ padà. Godswill ló mú un jáde.

*

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí Fẹ́kọ́mi wọ yàrá òkè. Bàrákàt ti mú bíró lọ́wọ́, sítétímẹ́ǹtì wà níwájú rẹ̀.

"Mo ti kà á tán, mà. Ibo ni kí n sáìn sí?"

"Gbé bíró yẹn sílẹ̀. Ìwọ kọ́ lo kọ 2.4. Dókítà Ọláyẹmí ló kọ ọ́, òun náà ló kọ B rẹ sí i. Ó ti jẹ́wọ́."

Ọmọ náà wò ó. Ó wo àwo ẹ̀wà tó ti tutù lórí tábìlì. Fẹ́kọ́mi rò pé yóò bínú, tàbí kó dúpẹ́, tàbí kó béèrè bóyá òun lè máa lọ ilé.

"Ṣé 1200 mi tọ́?" ni Bàrákàt béèrè.

"Ó tọ́."

"Ẹ ò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ó dojú sítétímẹ́ǹtì náà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò lẹ́yìn rẹ̀. Fẹ́kọ́mi fa àga sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi 1200 pín 9600, ààyè mẹ́jọ. Ààyè mẹ́jọ gba òpó mẹ́sàn-án. Ìlà méjì, òpó méjìdínlógún. Ó kọ ìwọ̀n igi ìdábùú, ó kọ ìwúwo ogún èèyàn, ó tún fi ti ẹnì kan tó ń fò sókè kún un, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fò. Ó ti ṣírò fífò yẹn mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹta ni Fẹ́kọ́mi bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ibì kan náà ló ń bọ́ sí. Igi yẹn ì bá gbé ọkùnrin náà.

Bàrákàt gbé bíró sílẹ̀. Ó gbé orí lé ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún olùkọ́ rẹ̀.